Ẹ̀kọ́ Ọmọ Kan, Àǹfààní Gbogbo Abúlé

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ lè ní, "Kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú ike oògùn apakòkòrò kan. Ẹ wo ìlà aláwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pupa, oró rẹ̀ ló le jù. Yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù. Àwọ̀ ewé ni oró rẹ̀ kéré jù. Ìwé yìí kan náà ló ń sọ ìwọ̀n tí a ó pò mọ́ omi, àti iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá ká tó kórè. Ẹni tí kò lè kà á, ojú ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Bó bá kéré, kòkòrò kò ní kú, owó ti ṣòfò. Bó bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ẹni tó fín in, ó sì lè kù sára ẹ̀fọ́ tó ń lọ sọ́jà. Ẹ ò rí i pé àìkàwé ẹnì kan kì í ṣe wàhálà òun nìkan?

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò tó 500,000 ní 1954 lé ní 800,000 lọ́dún náà. Owó kòkó àwọn bàbá wa wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Lára ọmọ àgbẹ̀ wọ̀nyẹn la ti rí tíṣà, nọ́ọ̀sì àti dókítà.

Òfin UBE ti 2004 ní kí gbogbo ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 9. Mo mọ̀ pé aṣọ àti ìwé ṣì ń náni lówó, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ kì í tó nígbà ìkórè. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má mú ọmọ lọ sóko lọ́jọ́ ilé-ìwé. Sátidé wà fún ìyẹn. Ẹ má sì yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Òun ni yóò wọn oògùn ibà fún ọmọ tirẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin àgbà, kò tíì pẹ́ jù. Bí kíláàsì àgbà bá wà nítòsí, ẹ lọ. Bí kò bá sí, kí ọmọ yín ka ìwé ara ike fún yín kí ẹ tó ṣí i. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má fọwọ́ kan oògùn o.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Oko náà ò ní yọ.