Àwọn Tó Ń Tún Orí Ọkọ̀ Ojú Irin Àtijọ́ Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ orí ọkọ̀ ojú irin ni, irú ti àtijọ́ tó ń jẹ èédú tó sì ń mu omi. Orí ọkọ̀ ni à ń pe ẹ̀rọ tó wà níwájú, tó ń fa àwọn yòókù. Ará Sabe mọ̀ pé ojú irin gba ìlú òun kọjá lọ sí Parakou. Ọdún 1936 ni ó dé Parakou. Òmíràn wà tó ti Porto-Novo lọ sí Pobè. Ẹ̀rọ eléèéfín yìí ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí wọn, kí èyí tó ń mu gasóìlì tó dé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Bìrìtéènì la ó fi ọ̀rọ̀ wa lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn kan ti kọ̀, wọ́n ní kò ní kú tán lójú àwọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìyá kan bá gbé omi kaná, tó sì fi ọmọrí dé e, bí omi bá ti hó, ọmọrí á máa gbọ̀n. Kí ló ń tì í? Ooru omi ni. Omi tó di ooru ń wá ààyè púpọ̀ ju omi lásán lọ. Bí ẹ bá wá dé ìkòkò náà pa, tí ooru kò rí ibi jáde, agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Orí ọkọ̀ eléèéfín, ìkòkò irin ńlá tó dùbúlẹ̀ ni. Àpótí iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páìpù gba àárín omi kọjá, ooru iná àti èéfín á gba inú páìpù wọ̀nyí lọ síwájú, wọ́n á sì gba ihò èéfín jáde. Ooru omi tó kó jọ sókè ìkòkò ni wọ́n ń darí sínú ihò irin kan tó dà bíi páńpù kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ táyà, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ti ọ̀pá páńpù. Níhìn-ín, ooru ló ń ti ọ̀pá lọ, òun náà ló ń tì í bọ̀. Ọ̀pá yìí ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1955, àwọn aláṣẹ ojú irin ilẹ̀ Bìrìtéènì pinnu pé àwọn ò ní lo ẹ̀rọ eléèéfín mọ́. Ẹ má bá wọn wí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí pọ̀. Kí ó tó lè rìn lówùúrọ̀, ẹnì kan ti ní láti dá iná sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Eérú ń bẹ láti kó, páìpù ń bẹ láti gbá. Gasóìlì kò ní gbogbo wàhálà yẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1968, èyí tó kẹ́yìn rìn lórí ojú irin ìjọba, ó sì parí.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan ní Wales, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà. Ojú irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Talyllyn. Kò ju kìlómítà 12 lọ. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo orí ilé ló ń kó láti orí òkè wá. Ẹni tó ni ín kú ní 1950. Igi abẹ́ irin ti jẹrà, koríko ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa di irin mú. Ọ̀gbẹ́ni Rolt, tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó sì ń kọ ìwé, pe ìpàdé ní ìlú Birmingham. Àwọn tó wá sọ pé àwọn á máa fi ọjọ́ ìsinmi àwọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba owó. Oṣù karùn-ún ọdún 1951 ni ọkọ̀ wọn gbéra. Orí ọkọ̀ Dolgoch, tí wọ́n ti ṣe láti 1866, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣe gbogbo iṣẹ́ ọdún yẹn. Talyllyn ni ojú irin àkọ́kọ́ láyé tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn gbà là.

Èyí tó wá ya ni lẹ́nu jù ni ti Barry. Barry jẹ́ ìlú etí òkun ní Wales kan náà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dai Woodham. Irin àlòkù ló ń rà, tó ń gé wẹ́wẹ́, tó ń tà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ó ra orí ọkọ̀ eléèéfín 297. Ṣùgbọ́n ó tún ra ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù, ìyẹn sì rọrùn láti gé. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun gé ìyẹn ná. Báyìí ni àwọn orí ọkọ̀ náà ṣe tò sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, lójú òjò, nínú afẹ́fẹ́ òkun. Wọ́n dógùn-ún. Àwọn èèyàn wá ń tú bàbà ara wọn lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń lọ wò wọ́n. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ọ̀kan ní 1968, wọ́n sì wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn náà dáwó tiwọn. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn kúrò ní 1990, orí ọkọ̀ 213 ni wọ́n ti rà kúrò lọ́wọ́ ikú. Woodham náà ṣe dáadáa: ó mú sùúrù fún àwọn tó ṣì ń wá owó. Àjọṣe oníṣòwò àti aláìlówó kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn orí ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí a gbọ́dọ̀ dúró tì díẹ̀. Duke of Gloucester ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní Crewe ní ọdún 1954, òun nìkan ni irú rẹ̀. Àwọn tó ń wà á kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ó ń jẹ èédú ní àjẹjù, síbẹ̀ ooru rẹ̀ kì í tó. Ọdún 8 péré ló lò, wọ́n pa á tì. Wọ́n tilẹ̀ yọ ihò irin tí ooru fi ń ti ọ̀pá, èyí tí mo fi wé páńpù, wọ́n sì gbé ọ̀kan lọ sí ilé àfihàn ní London. Ta ni yóò ra irú ẹ̀ báyìí?

Àwọn kan rà á ní 1974. Ọdún 12 ni wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n wá ìwé àwòrán tí àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ yà. Ẹ mọ irú ìwé yẹn: a kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo irin, nínípọn, gígùn, fífẹ̀. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń fi ìwọ̀n wọn irin fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sábẹ́ iná kò rí bí ìwé ti wí. Ó kéré jù! Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná igi, ẹ mọ̀ pé bí ẹnu àdògán bá dí, igi á kàn máa rú èéfín ni. Láti 1954 ni ọkọ̀ yìí ti ń jìyà àìríbi-mí, wọ́n sì ń dá ọkọ̀ lẹ́bi. Àwọn olùyọ̀ǹda yìí ṣe ihò náà bí ìwé ti wí, wọ́n sì tún ihò èéfín rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó tún rìn ní 1986, ó dára ju ìgbà tó wà lọ́tun lọ. Àwọn tó gbowó ò rí i, àwọn tí kò gbowó ló rí i.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí pé: ìkòkò irin tó ti dógùn-ún, ṣé kò ní bú lu èèyàn? Ó lè bú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dán an wò kí wọ́n tó dá iná sí i. Wọ́n á pọn omi tútù kún un dé ẹnu, wọ́n á wá fi páńpù fún omi náà mọ́ ọn títí agbára inú rẹ̀ á fi ju ti ọjọ́ iṣẹ́ lọ. Èé ṣe tó fi jẹ́ omi tútù? Omi tútù kì í fẹ̀. Bí irin bá sán, omi á kàn da sílẹ̀ ni. Ooru ní tiẹ̀, bí ó bá rí ibi sán, á pa gbogbo ẹni tó wà nítòsí.

Ewu kejì ni àìtó omi. Omi gbọ́dọ̀ bo orí àpótí iná nígbà gbogbo. Bí omi bá lọ sílẹ̀, irin tó wà níbẹ̀ á pọ́n, á sì rọ̀. Wọ́n fi ìdí òjé sínú irin yẹn. Òjé máa ń tètè yọ́. Bí omi bá ti fi í sílẹ̀, á yọ́, ooru á tú jáde sórí iná, àwọn tó ń wà á á sì mọ̀ pé ó ti di eré sísá.

Owó ńkọ́? Èèyàn ń san owó láti wọ ọkọ̀ wọ̀nyí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì ń dáwó. Ìṣòro tó le ju owó lọ ni ti ọwọ́. Àwọn tó wà níbi iṣẹ́ ojú irin kí 1968 tó dé ló kọ́ àwọn àkọ́kọ́ yìí bí wọ́n ṣe ń dá iná, bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ ohùn irin tó ti sán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Ìkòkò irin náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀, yọ gbogbo páìpù rẹ̀, kí ayẹ̀wò tún ṣe. Ẹ bá dé ilé àtúnṣe wọn lónìí, ẹ ó bá àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ ó bá ọmọbìnrin pẹ̀lú ọmọkùnrin tí ọwọ́ wọn dúdú fún epo. Àgbà di irin mú, ọmọ ń ka ìwọ̀n rẹ̀ sókè, ẹnì kẹta ń kọ ọ́ sílẹ̀.