Ìpápánu Kì Í Ṣe Èèwọ̀, Kó Ṣáà Ti Wà Nínú Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera bá ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ kí á rí ti òní yóò jẹ́ kí á rí ogún ọdún, yóò jẹ́ kí á rí ọgbọ̀n, pẹ̀lú àlàáfíà ara.

Nítorí àlàáfíà ara yìí náà ni wọ́n ṣe ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ìlera wá sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé oúnjẹ ti ń ta sánsán lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn, a kò ní pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ìpápánu: ṣin-ṣin, ìpékeré, pọ́fù-pọ́fù, ẹ̀pà, mínírà, àti gbogbo ohun tí ẹnu máa ń bá pàdé láàárín oúnjẹ kan sí èkejì.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí. Gbogbo wa kọ́ la ṣì lè jẹun bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nígbà tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ìtọ̀ ṣúgà báyìí, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ń dun àwọn mìíràn, dókítà sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fọ́n díẹ̀. Ohun tó ká wa lára jù ni pé díẹ̀ nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé mọ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá dé, àwo oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ọkàn wọn kò ní balẹ̀. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́, a ó ní wọ́n ń gbéra ga, tàbí pé inú wọn kò dùn sí ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Wọ́n wá rí i pé ó sàn kí àwọn jókòó sílé. Bí oúnjẹ bá ti ń lé ọmọ ẹgbẹ́ sẹ́yìn, ó yẹ kí ẹgbẹ́ jókòó sọ ọ́.

A kò wá láti fi òfin de ìpápánu. Ẹni tó bá fi ohun tó fẹ́ràn du ara rẹ̀ pátápátá, lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá padà tẹ̀ ẹ́, àjẹrànkùn ló sábà máa ń jẹ ẹ́. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìpápánu ní ààyè tirẹ̀ nínú oúnjẹ òòjọ́, kí ààyè náà sì ní ìwọ̀n.

Kí ni kálórì?

Bí a ṣe ń fi líta wọn epo bẹntiróò, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi kálórì wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Giramu 1 ṣúgà ń fún ara ní kálórì 4. Iye kan náà ni ti èròjà amúaradàgbà. Ọtí tó wà nínú bíà àti ẹmu jẹ́ 7. Ọ̀rá àti epo ló ga jù, wọ́n jẹ́ 9. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ tí a bá dín fi máa ń wúwo ju èyí tí a sè tàbí tí a sun lọ. Ṣíbí ńlá kan òróró nìkan ní bíi kálórì 120.

Ara ń lò nínú agbára yìí láti mí, láti rìn, láti ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ara kì í sọ ọ́ nù. Ó máa ń kó o pamọ́ bí ọ̀rá sí ikùn, sí ìdí, sí apá. Iye tó tó fún ènìyàn yàtọ̀ síra. Ìwọ̀n tí ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń tọ́ka sí ni 2,000 lóòjọ́ fún obìnrin àti 2,500 fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí, gíga àti irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lè mú un lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́n yóò jẹ ohun tó kéré sí èyí tí ara rẹ̀ ń lò.

Kálórì bí owó ọbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí owó ọbẹ̀. Ká ní dókítà fún ẹnì kan nínú wa ní kálórì 1,800 lóòjọ́. Bó bá ná 400 láàárọ̀, tó ná 600 lọ́sàn-án, tó sì ná 600 lálẹ́, ó ku 200. Igba yẹn ni owó ìpápánu. Ó lè ná an lórí ohun tó wù ú, kò sì sí ẹni tó yẹ kó yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Àwa tí a ń dá àjọ mọ̀ pé ẹni tó bá ti kó àjọ tirẹ̀ kì í tún padà wá gbowó ní oṣù kan náà.

Kí ni igba lè rà? Ẹ̀kún ọwọ́ ẹ̀pà kan, bíi giramu 30, jẹ́ kálórì 170. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí kò tóbi jù jẹ́ 100 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹyin sísè kan jẹ́ bíi 75. Wọ́tàmẹ́lọ̀nì giramu 100 kò ju bíi 30 lọ, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ife gúgúrú kan tí a kò fi òróró tàbí ṣúgà sí náà jẹ́ bíi 30. Ẹ wá wò ó: ife gúgúrú mẹ́ta pẹ̀lú ààbọ̀ ẹ̀kún ọwọ́ ẹ̀pà kò tó 200. Gúgúrú àti ẹ̀pà tí a ti ń jẹ láti kékeré wọ inú ìṣirò láìsí wàhálà kankan.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

Àkọ́kọ́ ni ìpékeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a kò tíì sè, giramu 100 rẹ̀ ní bíi kálórì 120. Giramu 100 ìpékeré ní bíi 500. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni o. Iná ti lé omi inú rẹ̀ jáde, òróró sì ti wọlé dípò omi. Nítorí náà, ọ̀rá ìpékeré ńlá kan lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ààbọ̀ bọ̀ọ̀lì kan yóò yó o ju ẹ̀kún ọwọ́ ìpékeré lọ. Ọ̀rọ̀ ṣin-ṣin náà kò yàtọ̀: ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà, kí á tún wá dín in, giramu 100 rẹ̀ lé ní 400.

Èkejì ni gàárì mímu. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í kà á sí oúnjẹ; a ó ní a kàn fi panu ni. Giramu 50 gàárì gbígbẹ ní bíi 175. Bí a bá bu ẹ̀kún ọwọ́ ẹ̀pà kan sí i, tí a fi ṣúgà onígun mẹ́ta sí i, ó ti tó 400 tàbí kó sún mọ́ ọn. Gàárì dára, ti Ìjẹ̀bú sì dùn létí omi tútù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu ún bẹ́ẹ̀ ti jẹun ọ̀sán. Kí ó má tún dúró de ẹ̀bà.

Ẹ̀kẹta, tó sì le jù, ni ohun mímu. Oúnjẹ tí a jẹ máa ń jẹ́ kí á mọ̀ pé a ti yó. Mínírà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgò 50cl tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ giramu 10 nínú mililita 100 ti ní ṣúgà giramu 50, ìyẹn kálórì 200. Ìgò kan ṣoṣo ti gba gbogbo owó ìpápánu ọjọ́ náà, ẹnu kò sì tíì rún nǹkan kan. Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé sọ ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu má ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ara ń rí lóòjọ́, pé ó sì sàn bí kò bá tó ìdajì ìyẹn. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1,800, ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ giramu 45. Ìgò kan ti kọjá rẹ̀. Òfin ìṣúná owó ilẹ̀ wa ti ọdún 2021 pàápàá fi owó-orí náírà 10 lé líta kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kò ní ọtí nínú. Mọ́ọ̀tì náà kò yọ sílẹ̀, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ohun tó ń fún ara lókun. Ìgò bíà 60cl sì ní bíi 250.

Bí a ṣe lè ṣe é láìfi ìyà jẹ ara wa

Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ọ̀rá àti ìgò. Ẹ wò ó bóyá giramu 100 ni wọ́n ń sọ tàbí gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe.

Ẹ má ṣe jẹun láti inú ọ̀rá ńlá. Ẹ bu ìwọ̀n yín sínú àwo kékeré, kí ẹ sì gbé ìyókù kúrò níwájú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ẹ̀pà níwájú tẹlifíṣọ̀n kì í mọ ìgbà tó parí rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín látàárọ̀ nítorí pé àríyá wà lálẹ́. Ẹni tí ebi ti pa kọjá ààlà kì í ka nǹkan kan.

Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ràn gan-an. Bó bá jẹ́ pọ́fù-pọ́fù ló wù yín, ẹ jẹ ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ fara balẹ̀ gbádùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ṣin-ṣin tí kò wù yín sílẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó tọ́ gbogbo rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide, kò gbọdọ̀ dédé fo oúnjẹ tàbí ìpápánu tí dókítà là sílẹ̀ fún un, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ fún

A ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Èkíní, kí ẹni tí ìpàdé bá kàn máa di ìpápánu sínú ọ̀rá kékeré, ẹnì kan ọ̀rá kan, dípò àwo ńlá àárín tábìlì. Ó dín ìnáwó kù, ẹni tí kò bá sì fẹ́ jẹ tirẹ̀ lè mú un lọ fún àwọn ọmọ ilé. Èkejì, kí omi tútù kọ́kọ́ dé iwájú olúkúlùkù. Ẹni tó bá fẹ́ mínírà yóò béèrè. Ẹ̀kẹta, kí èso má wọ́n nínú ìpàdé: ọsàn, wọ́tàmẹ́lọ̀nì, àgbálùmọ̀ nígbà tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kò ná wa ní kọ́bọ̀, òun ló sì le jù. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ní "ó tó," ẹ jẹ́ kó tó. Kí á má ṣe sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan péré, kí ló fẹ́ ṣe yín?" Kí á má ṣe bí í léèrè lójú gbogbo ayé pé àìsàn wo ló ń ṣe é. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun tirẹ̀, kí a má ṣe bá a ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fà sẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, àga yín ṣì wà níbi tó wà. Ẹ̀yin la fẹ́ rí. Ẹ padà wá, ẹ mu omi, ẹ jẹ ìwọ̀n tiyín, kí á jọ ṣeré bí a ti ń ṣe é.

Nígbà tí ẹ bá dìde láti bu oúnjẹ láìpẹ́, ẹ bu èyí tó wù yín, kí ẹ sì kà á. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ikú tàbí àìsàn dín ara wa kù. Ẹgbẹ́ wa yóò dàgbà, a ó dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.