Àwọn Aláwàdà àti Owó Iṣẹ́ Ẹnu Wọn

Ó ṣòro lóde òní láti rí ìgbéyàwó ńlá tàbí àpèjẹ ilé-iṣẹ́ olówó kan ní Èkó, Àbújá, Pọ́ọ̀tù-Hákọ́ọ̀tù tàbí Wárí tí a kò ní bá aláwàdà níbẹ̀. Òun ni yóò mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, tí yóò dá dúró níwájú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láìsí ìlù, láìsí aṣọ eré, láìsí ẹnì kejì tí yóò bá a gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, tí yóò sì máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Bí ó bá parí, àwọn àlejò a pàtẹ́wọ́, wọn a sì padà sídìí oúnjẹ wọn. Ohun tí wọn kì í béèrè ni iye ọ̀sẹ̀ tí ẹni náà fi ro ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú náà jọ, àti iye ìgbà tí yóò tẹ olówó ìnáwó láago kí owó rẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwàdà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní apá ayé wa yìí. Àwọn ’yan kama ilẹ̀ Haúsá ti ń fi orin oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ pa àwọn ará ọjà lẹ́rìn-ín láti ìgbà pípẹ́. Àwọn ará Kétu ní ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwọn. Ní Gold Coast, tí ń jẹ́ Gánà lónìí, Bob Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé eré apanilẹ́rìn-ín kiri láti ìlú dé ìlú ní àwọn ọdún 1930. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ní ìlù àti orin, wọ́n sì ń ṣeré lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Aláwàdà òde òní kò ní ju ẹnu rẹ̀ lọ, iye tí yóò sì gbà kò sí nínú àṣà kankan: ìdúnàádúrà ni yóò sọ ọ́.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó kọ́kọ́ fi ìdúnàádúrà náà lélẹ̀ bí ọkùnrin ní Nàìjíríà ni Atunyota Akpobome, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ali Baba. Nígbà tí ó kúrò ní yunifásítì Ekpoma ní 1990 tí ó sì forí lé Èkó, ojú ẹni tí ń fi ẹnu wá oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni àwọn kan ṣì fi ń wo aláwàdà. Ní 1998 ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: ó gbé àwọn pátákó ìpolówó ńláńlá dúró ní ìgboro Èkó, bí ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ ọtí ti ń ṣe, láti fi yé ayé pé iṣẹ́ gidi ni ìpanilẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí pátákó náà rò pé àwàdà mìíràn ni. Ìpolówó ni ní tòótọ́, èrè rẹ̀ kò sì mọ sọ́dọ̀ òun nìkan, nítorí pé iye tí òun bá gbà ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn fi ń wọn tiwọn.

Kí ó tó ṣe èyí, Opa Williams, tí ń ṣe fíìmù, ti dá ètò tí ó pè ní Night of a Thousand Laughs sílẹ̀ ní 1995. Níbẹ̀ ni a ti ń kó àwọn aláwàdà jọ sórí ìtàgé kan, tí àwọn òǹwòran sì ń sanwó wọlé nítorí àwàdà nìkan. A ya eré wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì àti àwo, a sì tà wọ́n káàkiri. Kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni ó sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní orúkọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni ó sì mú ìṣòro tí kò tíì lọ títí di òní wọlé.

Ìṣòro náà wà nínú irú ọjà tí aláwàdà ń tà. Bí olórin bá kọ orin kan, bí a ti ń gbọ́ ọ sí i ni ó ń dùn sí i. Àwọn ènìyàn a sanwó láti wá gbọ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀ lórí. Ti aláwàdà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí a ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ti tán. Ìyàlẹ́nu ni ó ń mú ẹ̀rín wá, kò sì sí ẹni tí ohun kan náà ń yà lẹ́nu lẹ́ẹ̀méjì. Ní àtijọ́, aláwàdà lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kí ó sọ ọ́ ní Wárí, kí ó sọ ọ́ ní Kàdúná, kí ó tún gbé e dé Ìbàdàn. Nísinsìnyí, àlejò kan ní ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé yóò na tẹlifóònù rẹ̀ sókè, yóò ya gbogbo rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí a tó gé àkàrà òyìnbó. Nígbà tí aláwàdà náà bá dé òde mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọdé iwájú ni yóò bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Ọjà ti bàjẹ́ lórí àtẹ. Ẹni tí ó sì bà á jẹ́ kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó rò pé òun ń gbé e lárugẹ ni.

A ti rí ohun tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ lè ṣe sí ènìyàn. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá, kó owó ńlá lé fíìmù Ọ̀run Móoru tí ó jáde ní 1982. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń tà á fún ara wọn, gbèsè sì wọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹ̀rín tí Baba Sàlá pa orílẹ̀-èdè yìí kò ṣe é kà títí ó fi kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ṣùgbọ́n èrè fíìmù náà kò dé ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Òfin ti gbìyànjú láti tún ọ̀ràn náà ṣe. Òfin tuntun tí ó dá ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ mọ́ ní Nàìjíríà gba ìbuwọ́lùwé Ààrẹ ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó sì ka iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ èyí tí kò tọ́ kí a jí. Àmọ́ ìdí kan wà tí ó fi ṣòro fún aláwàdà láti jẹ àǹfààní rẹ̀. Èrò lásán kò ní ààbò lábẹ́ òfin. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ tàbí ní yíyà kí a tó lè sọ pé ó ní olówó. Nítorí náà, ẹ̀fẹ̀ tí ó wà lẹ́nu nìkan kò ní olùgbèjà. Èyí tí a bá sì ti yà tí a fi síta, ó ní olùgbèjà, ṣùgbọ́n kò wúlò lórí ìtàgé mọ́. Bí aláwàdà kan bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó yí orúkọ ìlú inú rẹ̀ padà, tí ó lọ sọ ọ́ níbòmíràn, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́? Ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò: àwọn aláwàdà fúnra wọn ni ó ń jí ti ara wọn jù.

Ní ti àwọn tí ń pè wọ́n sóde, ìwà wọn kò dára tó. Wọn a san owó alásè, wọn a san ti onílù, wọn a sì sọ fún aláwàdà pé kí ó wá fi ojú hàn, nítorí pé àwọn ènìyàn pàtàkì ń bọ̀. A óò pè é fún aago mẹ́rin, a óò gbé e sórí ìtàgé ní aago mẹ́wàá, nígbà tí àwọn àlejò ti mu ọtí yó tí wọn kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn pa, ọ̀pọ̀ wọn kò rí kọ́bọ̀ fún oṣù púpọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn ti yíjú sí eré kúkúrú orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gba owó ìpolówó. Àwọn kan di olówó níbẹ̀. Àwọn mìíràn rí i pé ẹni tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn lè máa mọ bí a ti ń ṣe é níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán nìkan.

Àwọn kan ń sọ pé kí aláwàdà fi ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, kí ni ó kù? Ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti obìnrin ni. Àwàdà tí ó sì ń fi ẹ̀yà kan ṣe ẹlẹ́yà lójoojúmọ́ léwu ju èyí tí ń fi mínísítà ṣe é lọ. Mamane, ọmọ ilẹ̀ Niger, rí ọgbọ́n kan dá sí i lórí rédíò RFI ti ilẹ̀ Faransé: ó dá orílẹ̀-èdè àròsọ kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gondwana, gbogbo aṣebi Áfíríkà sì mọ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Adama Dahico ti Ivory Coast lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó díje fún ipò Ààrẹ ní 2010. Ìbò rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bí àwọn tí wọ́n dìbò fún un ń ṣe àwàdà tàbí wọn kò ṣe é.

Ọ̀nà àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ yìí tún há ju ti ọkùnrin, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yóò sọ tí a óò rẹ́rìn-ín, bí obìnrin bá sọ ọ́ a óò béèrè ilé tí ó ti jáde. Síbẹ̀ Helen Paul, tí àwọn olùgbọ́ rédíò kọ́kọ́ mọ̀ nípa ohùn ọmọdé tí ó fi ń pe ara rẹ̀ ní Tatafo, dúró síbẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ eré oníṣe ní Yunifásítì Èkó ní 2019.

Ní Amẹ́ríkà, Dave Chappelle bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn òǹwòran fi tẹlifóònù wọn sínú àpò tí a tì pa kí wọ́n tó jókòó. Kò rọrùn láti ṣe irú rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, nítorí pé ìyá ìyàwó gan-an ni yóò kọ́kọ́ na tirẹ̀ sókè. Ohun tí àwọn aláwàdà wa lè ṣe, tí àwọn kan sì ti ń ṣe, ni kí wọ́n kọ àdéhùn sínú ìwé, kí wọ́n gba apá kan owó sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n sì kọ wákàtí tí wọn yóò gun orí ìtàgé síbẹ̀. Oṣù Kejìlá ni ìkórè wọn, nígbà tí òde mẹ́ta lè bọ́ sí ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ń dúró de ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì kí ó tó wá wọn lọ, iye tí yóò gbọ́ lẹ́nu wọn kò ní pa á lẹ́rìn-ín rárá.