Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bá wú, ẹ má fọwọ́ ra á o

Ẹ̀yin ìyá mi àti àbúrò mi ní Oliha. Admin yín ni. Ẹ̀yin tí ariwo ọjà ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ voice note mi, ohun tí mo sọ nìyí.

Nígbà oyún mi kẹta, ó wọ oṣù kẹjọ, mo ṣì ń jókòó ti ọjà látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹsẹ̀ òsì mi ṣe wú nìyẹn, òun nìkan. Ó gbóná, ó sì ń dùn mí lẹ́yìn, lábẹ́ orúnkún. Wọ́n ní omi oyún ni. Ìyá kan ti gbé róòbù àti omi gbígbóná dé. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló pariwo: “Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ra á! UBTH ni kó o gbà lọ!”

Wọ́n ya ẹsẹ̀ náà ní scan. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń tètè dì, kó má bàa dà nù jù lọ́jọ́ ìbí. Ikùn náà tún ń tẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí èyí tó dì bá já, tó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn kíákíá.

Abẹ́rẹ́ heparin ni mo ń gún sábẹ́ awọ ikùn lójoojúmọ́. Kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Wọ́n ní tí mo bá ti ń rọbí, kí n má gún òmíràn, kí n máa bọ̀. Lẹ́yìn ìbí, mo tún gún un kọjá ọ̀sẹ̀ 6. Owó náà ta mí, àmọ́ n ò dá a dúró.

Ẹ má rò pé tọ́mọ bá ti jáde, ó parí. Ìgbà yẹn gan-an lewu pọ̀ jù. Serena Williams tó gbá tẹníìsì, iṣẹ́ abẹ ló fi bímọ ní September 2017. Lọ́jọ́ kejì, èémí ò délẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á láàmú. Ó takú pé kí wọ́n yẹ òun wò, ni wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Nítorí náà, bẹ́sẹ̀ kan bá wú tó ń dunni, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí èémí ò bá délẹ̀, tàbí àyà ń dunni, tàbí ikọ́ mú ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ má dúró palẹ̀ ọjà mọ́. Aboyún, ẹ máa dìde rìn díẹ̀, ẹ máa mumi.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lóyún. Ọlọ́run á sọ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀.