Ọwọ́ Kejì fún Abiyamọ Tó Wà Nílé

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa bá àwọn ìyá sọ níbi ìpàdé)

  Alága ní kí n sọ̀rọ̀ nípa bí abiyamọ ṣe lè rí ìrànlọ́wọ́ nínú ilé. Ilé wa ni mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó dé ìlú Ọba, nítorí náà mo ti rí bí a ṣe ń tọ́jú ìyá ọmọ níhà méjèèjì.

Nílé, bí obìnrin bá bímọ, kì í dá wà. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á ti dé kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹnìkan ń wẹ ọmọ, ẹnìkan ń se omi, ọmọ àbúrò kan ń sáré lọ ra ọṣẹ. Iṣẹ́ abiyamọ ni kó fún ọmọ lọ́mú, kó sì sùn. Níhìn-ín ńkọ́? Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí òfin fún bàbá ọmọ ti parí. Físà màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá ku ìyá, ọmọ ọwọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń fa ìró rẹ̀, àti ìkòkò tó ń hó lórí iná. Bí mo bá bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ìgbà wo ló sùn kẹ́yìn, ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn. Ẹ̀rín yẹn kì í dùn mọ́ mi.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní mother's helper. Ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ o, alágbàtọ́ sì kọ́. Ọmọ ilé ìwé ni, ọmọ ọdún 13 sí 15, tí ilé òbí rẹ̀ kò jìnnà, tó ń wá ran ìyá lọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀ nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ wà nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ìyẹn mú: ìyá wà nínú ilé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ náà ní ẹsẹ̀ tó yá àti sùúrù fún eré. Ìyá ní ojú tó mọ ewu.

Àsìkò tí èmi máa yàn ni aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ máa ń ké, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ebi àti iṣẹ́ àṣetiléwá, tí oúnjẹ alẹ́ sì wà nílẹ̀ láìsè. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ni pé bí olùrànlọ́wọ́ bá ti wọlé, àwo ni a kọ́kọ́ ń nà sí i, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà aṣọ. Ìyá á gbé ọmọ lọ́wọ́, á dúró tì í, á máa wí pé kó fọ ìdí ìkòkò dáadáa. Nígbà tí ọmọ náà bá lọ, ilé á mọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ìyá á ti di méjì. Àwo lè wà níbẹ̀ di ọ̀la. Ìyá ni kó lọ sùn.

Ẹ fún un ní ẹ̀gbọ́n ọmọ. Kó bá a kàwé, kó bá a ṣeré, kó bá a sọ Yorùbá bó bá gbọ́ ọ (ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa yóò kọ́kọ́ tijú, kò burú). Kó jókòó ti ọmọ ọwọ́ tó ti jẹun yó, kó máa ká aṣọ rẹ̀. Ìyá á wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀, á fi ìṣẹ́jú 40 sùn. Bí ọmọ bá ké tí kò dákẹ́, kó jí ìyá. Ẹ sọ èyí fún un lójúkojú, nítorí ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa máa ń bẹ̀rù láti jí àgbà lójú oorun. Bí ìyá bá sì ń sùn tó, síbẹ̀ tí ẹkún àti ìbànújẹ́ kò kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó bímọ, kó lọ rí dókítà. Ìyẹn kọjá olùrànlọ́wọ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe ti ọmọ náà. Ìwẹ̀ ọmọ kì í ṣe tirẹ̀. Oògùn kì í ṣe tirẹ̀, ìbáà jẹ́ paracetamol ọmọdé. Òróró gbígbóná àti kẹ́tùlù kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fún ọmọ ní mílíìkì inú agolo, ìyá ni kó pò ó, nítorí kòkòrò àrùn lè wà nínú ìyẹ̀fun náà. Omi tí a ó fi pò ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 70°C, èyíinì ni pé kó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ lẹ́yìn tí kẹ́tùlù hó, kí a wá jẹ́ kó tutù kó tó kan ẹnu ọmọ.

Bí ọmọ bá fẹ́ sùn, ẹ fi bí a ṣe ń tẹ́ ẹ hàn án: kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, lórí ibùsùn tirẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí kúbùsù tó nípọn. Àwọn màmá wa tẹ́ àwa dojú bolẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti 1991 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Back to Sleep ní Britain, iye ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun ti dín kù gidigidi. Ọmọ pípọ̀n ńkọ́? Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ti le, nínú pálọ̀, lójú ìyá, kò burú. Kó má ṣáà pọn ọmọ gun àtẹ̀gùn. Ilé ìlú yìí kìkì àtẹ̀gùn ni.

Ife tíì tí a ti gbé kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ṣì lè bó ọmọ lára. Bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ, omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ ni fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Kí olùrànlọ́wọ́ mọ 999, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì ilé yín lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.

Ibi tó ń dùn mí jù ni mo dé yìí. “Mo kàn fẹ́ sáré dé ọjà.” Sáré yẹn á di wákàtí kan. Nígbà tó bá yá, á di iṣẹ́ alẹ́. Òfin England kò dá ọjọ́ orí kan pé èyí ló lè tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òbí fi ọmọ sílẹ̀ sínú ewu. Bí ẹni tí a fi ọmọ tì kò bá tíì pé ọdún 16, òbí ni òfin ṣì máa bi. NSPCC, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé, ní kí a má fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 sílẹ̀ nílé mọ́jú. Mo mọ ohun tó ń lé wa jáde lálẹ́. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ títí. Ẹ wá àgbàlagbà. Ọmọ ọdún 14 tí gìrì bá mú ọmọ ọwọ́ mọ́ lọ́wọ́ láago méjì òru, ẹrù tó máa rù lọ́jọ́ náà lè má sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ẹ̀tọ́ ọmọ náà ńkọ́? Òfin iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé ní England ni mo fi ń ṣe ìwọ̀n: kó ti pé ọdún 13, kó má ju wákàtí 2 lọ lọ́jọ́ ilé ìwé àti lọ́jọ́ Sunday, kó má ju 12 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé ń lọ, kó má sì kọjá aago méje alẹ́. Ẹ sanwó fún un. Ẹ̀yin àti òbí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí iye. Ìrẹsì àti ẹran kì í ṣe owó. “Ọmọ wa náà ni” kì í ṣe owó. Mo ti rí ọmọ tó ń wá lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ nítorí pé ìyá rẹ̀ kò lè sọ pé rárá fún ìyá ìjọ. Ìdánwò GCSE ọmọ náà ló fara gbá a. Kí ẹnìkan sì máa sìn ín délé. Ní December, aago mẹ́rin ni ilẹ̀ ń ṣú.

Àwọn kan á ní àwọn ti ní ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ fara balẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ènìyàn ni àǹtí. Òfin kò kà á bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa gbé fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ìbátan tímọ́tímọ́, bí òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, tàbí ọmọ ìyá òbí rẹ̀ gan-an, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù. Ọmọ ọ̀rẹ́ màmá yín láti Ìjẹ̀bú wà nínú èyí. Ilé ìwé ló sì yẹ kó wà láàárọ̀.

Alága ti ń ṣẹ́jú sí mi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ béèrè ní gbangba, ẹ máa rí mi ní yàrá ìdáná, níbi tí a ti ń bu ọbẹ̀.