Abọ́ Ajá àti Ara Yíyún

Ní Àrándùn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọdẹ kì í fi ajá rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ajá náà bá ń họ ara, tí irun rẹ̀ ń re, kí ni àwọn ẹlòmíràn ń ṣe? Wọn a fi epo ọkọ̀ dúdú pa á lára. Májèlé ni; bí ajá ti ń lá ara rẹ̀ ni ó ń gbé e mì.

Yọ̀rọ̀, eégbọn àti kòkòrò èèyi ni ó yẹ kí olájá kọ́kọ́ wá. Bí kò bá rí wọn, kí ó yẹ abọ́ ajá wò. Ọ̀nà méjì ni oúnjẹ fi ń ba awọ jẹ́. Èkíní ni àìtó: ẹ̀kọ àti tùwó láìsí ẹran kì í jẹ́ kí ara rí èròjà síǹkì gbà tó, awọ yóò le, yóò sì máa bó. Èkejì ni èèwọ̀ ara: ara ajá mìíràn kọ ẹran màlúù, wàrà tàbí adìẹ, bí ó tilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́.

Sùúrù ni ìdánwò rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 8, iṣu àti irú ẹran kan tí kò jẹ rí nìkan ni kí ó jẹ. Kí olájá so ó, kí ó má lọ sí àkìtàn. Bí ara bá rọ̀ ọ́, kí ó dá oúnjẹ àtijọ́ padà. Bí ìyún bá tún dé, ọ̀ràn ti hàn.

Àwọn àgbà ní ohun tí ajá yóò jẹ, Èṣù yóò ṣe é. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n olájá ni ó ń bù ú sí abọ́.