Ọ̀nà Wo ni Ẹrù Náà Gbà?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bá wa sọ ní ìpàdé wa ní Manchester. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

 

Níbi ìsọmọlórúkọ tí a ṣe kẹ́yìn, bàbá kan nínú wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Wọ́n ní o ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣé o ń tún un ṣe ni, àbí o ń tà á?" Mo ní, "Rárá sà, mo ń dán an wò ni." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Wọ́n sì ń sanwó fún ìyẹn?" (Ẹ̀rín.) Ìdáhùn mi sí bàbá ni mo mú wá lónìí.

Ìlú tí a ń gbé yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti ní ìtàn. Ní Yunifásítì Manchester, Freddie Williams, Tom Kilburn àti Geoff Tootill kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Baby. Wọn kò kọ́ ọ láti fi ṣòwò. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìrántí tuntun tí wọ́n ṣe, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, lè di nǹkan mú. Inú tíúbù bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni ìrántí náà wà: ìlà 32, àmì 32 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,024. Bí ẹ̀rọ kò bá tún àwọn àmì náà kọ léraléra, wọ́n á pòórá kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1948, wọ́n fún Baby ní ìṣirò kan: wá nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín 262,144 láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí 262,144 fúnra rẹ̀. Ó ń dán nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 52, kó tó gbé 131,072 jáde. Ẹ̀yin ọmọ, ìdajì lásán ni! Ẹnikẹ́ni lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dán ẹ̀rọ wò gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn kó tó béèrè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ kò parọ́? Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Lónìí, káàdì tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà ní ìrántí tirẹ̀, ó sì tóbi. Káàdì yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ńláńlá, tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà púpọ̀ máa ń pín iṣẹ́ kan ṣe. Káàdì mìíràn, káàdì network, ló ń gbé èsì láti inú kọ̀ǹpútà kan lọ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjà Bódìjà. Ìyá kan ní agbọ̀n tòmátì, oníbàárà rẹ̀ wà ní ìsọ̀ kejì. Bí òfin bá ní kí alárùú kọ́kọ́ gbé agbọ̀n lọ sílé alága ọjà, kí wọ́n sọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí alárùú mìíràn tún gbé e padà wá, ẹ ó rí i pé ìyà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti kọ̀ǹpútà: láti ìrántí káàdì àwòrán sí ìrántí àárín gbùngbùn, láti ibẹ̀ sí káàdì network. Ohun tí a ń wá ni kí ẹrù ti ìsọ̀ bọ́ sí ìsọ̀.

Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, káàdì méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ mọ àyè kan náà. Lórí Linux, ohun tó ń ṣe èyí ni wọ́n ń pè ní dma-buf. Ọdún 2012 ló wọ inú Linux, ní ẹ̀dà 3.3. Ní 2021, ní ẹ̀dà 5.12, àwọn káàdì network tó lè kọ nǹkan tààrà sínú ìrántí ẹ̀rọ mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. A ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ káàdì àwòrán: bó ṣe tóbi tó, àti ibi tí a fẹ́ ẹ sí. Ojú-ewé ojú-ewé ni wọ́n ń pín in, 4,096 báìtì lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ Atlas ti Manchester yìí náà, ní 1962, ló kọ́kọ́ pín ìrántí sí ojú-ewé. Lẹ́yìn náà, a ó gba nọ́ńbà kan tó dà bí ìwé ẹ̀rí, a ó sì fi í han káàdì network kó lè forúkọ àyè náà sílẹ̀. Onílé kò gbọdọ̀ kó ẹrù náà lọ ibòmíràn láìsọ fún ayálégbé. Bí iṣẹ́ bá parí, kálukú á yọwọ́. Àfi ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá tó yọwọ́ ni àyè tó di òfìfo. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọwọ́, díẹ̀díẹ̀ ni káàdì yóò kún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ níbi iṣẹ́ pé ìdánwò mi yege. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì wa bi mí pé, "Àyè tí ẹ tọrọ yìí, níbo ló wà gan-an?" N kò lè dáhùn. Nígbà tí mo wò ó, ìrántí àárín gbùngbùn ló wà! Káàdì àwòrán lè rí i níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé alága ọjà ni ẹrù ṣì ń gbà. Èmi ni mo yan ibẹ̀, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo tún rí èyí tó burú jù. Òdo nìkan ni mo ń kọ ránṣẹ́, àyè tuntun tí yóò gbà á sì ti kún fún òdo tẹ́lẹ̀. Bí ẹrù kò tilẹ̀ kúrò lójú kan, ìdánwò mi yóò ní ó ti dé. Nígbà tí mo tọrọ àyè lórí káàdì gan-an, tí mo sì kọ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i, kò gbéra rárá: ọ̀nà tààrà kò sí láàárín káàdì méjèèjì nínú ẹ̀rọ yẹn.

Wọ́n ti fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sùn. Bí mo bá dákẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ní àárọ̀, mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sì sọ ọ́ láìfi kan pe méjì. Ojú tì mí. Wọ́n dá rírà náà dúró. Wọn kò lé mi, wọ́n kàn ní kí n kọ ìdánwò náà tún, kí ọmọbìnrin yẹn sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, bàbá, ohun tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn: kí ẹnì kan lè sọ pé ẹrù dé, kó mọ ọ̀nà tó gbà, kó sì lè sọ pé òun ṣìnà bí òun bá ṣìnà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀dà Baby tí wọ́n tún kọ́ fún àádọ́ta ọdún rẹ̀ ní 1998 wà ní ilé ìṣúra Science and Industry ní ìlú yìí. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Bí ọmọ yín bá sì ń bi yín ní "níbo ló wà gan-an?", ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Irú ìbéèrè yẹn ló yọ mí.

Àjò kò ní dùn kí onílé má padà sílé.